Àmì Pupa Òkè Fóònù Mi

Èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan nílùú Ìbàdàn, kì í ṣe alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Alága kàn kọ lẹ́tà ni.

Ọdún 2020 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà kónílé-ó-gbélé. Líìgì dáwọ́ dúró, owó oṣù ò wọlé, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá jókòó sílé bí ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, díákónì sì ni mí, mo mọ púpọ̀ nínú wọn. Mo ní ká máa pàdé lórí Zoom ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé, ká ka Bíbélì, ká gbàdúrà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù padà, a ò dá a dúró, torí àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í rí ṣọ́ọ̀ṣì lọ: Sátidé wọ́n wà lójú ọ̀nà, Sọ́ńdè wọ́n wà lórí pápá. Bí wọ́n bá pàdánù, gbogbo ìlú ni yóò bú wọn. Bí wọ́n bá borí, alága ni yóò lọ fọ́nnu lórí rédíò. Ta ni wọ́n fẹ́ sọ tinú wọn fún?

Mo ti kà nípa Don McClanen, akọ́nimọ̀ọ́gbá básíkẹ́tì tó dá Fellowship of Christian Athletes sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954. Huddle ni wọ́n ń pe ìpàdé kéékèèké wọn, bí àwọn eléré ṣe máa ń forí korí láàárín pápá kí alátakò má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ó wù mí. Mo fẹ́ irú rẹ̀ nílé.

Ọ̀fẹ́ là ń lò níbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti pé 40 ìṣẹ́jú, Zoom á lé wa jáde bí ìgbà tí rẹfirí bá fọn fèrè, nígbà míì láàárín àdúrà, kálukú á wá ṣe Àmín tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa gbà láti máa sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó owó ní kí n máa mú ẹ̀rí wá pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ìpàdé sílẹ̀ nìyẹn. Zoom máa ń kéde rẹ̀ o, á ní kéèyàn tẹ̀ ẹ́ bó bá gbà. Gbogbo wa la máa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni lé eṣinṣin. Èmi náà á tún wá sọ pé, "Ẹ̀yin ará, ohun tá a bá sọ níbí, ibí ló máa gbé." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni àmì pupa ń tàn lókè fóònù mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, a ka Jákọ́bù orí 5 ẹsẹ 16, lórí ká máa jẹ́wọ́ fún ara wa. Mo wàásù lé e gan-an, ohùn mi dùn mọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo parí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn pa àwòrán ara rẹ̀, ó ku lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan nínú àpótí dúdú. À ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀, à ń gbọ́ bó ṣe ń gbá ẹ̀fọn pa lára.

Ó ní, "Bàbá Díákónì, mi ò rí oorun sùn."

Ó ní alága ló ní kí òun dín ọjọ́ orí ọmọ méjì kù, òun náà sì mú wọn lọ sí kóòtù lọ gba ìwé ìbúra. Ó ní ọ̀kan nínú wọn máa ń gbàgbé ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á kọ́kọ́ wojú òun.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Torí irú rẹ̀ ni FIFA ṣe fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àwọn tí ò ju ọdún 17 lọ ní 2009. Ohun tí mi ò gbọ́ rí ni kí ẹnì kan sọ pé, èmi ni mo ṣe é, mo fẹ́ fi í sílẹ̀.

A gbàdúrà fún un. Mo sunkún, irọ́ kọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gé ìṣẹ́jú mẹ́rin níbẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn méje péré. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run." Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Mo gbàgbé pé ohùn èèyàn, orúkọ ni.

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi yìí ò fọ́, ńṣe ló pa, tó di agbo adìyẹ. Ọjọ́rú, ẹni tí mi ò mọ̀ rí fi ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ Ẹtì, ó dé etí alága. Alága ní òun ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá náà pẹ̀lú owó oṣù márùn-ún lọ́rùn wọn, wọ́n sì lé àwọn ọmọ méjèèjì náà.

Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò bú mi. Ó ní, "Bàbá, mo rò pé àwa nìkan ni." Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, káàdì rẹ̀ tán. Mo pè é padà, kò gbé e. Mo fi owó ìfẹ̀yìntì oṣù méjì ránṣẹ́ sí i, ó dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ tù mí nínú, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ṣáà ni ọkùnrin náà dá. Ó dá a, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbájáde ló ń wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo dí i mọ́ ọn.

Àwa 31 là ń pàdé tẹ́lẹ̀. Àwa mẹ́fà ló kù. Ọ̀fẹ́ la tún ń lò báyìí, 40 ìṣẹ́jú, mi ò sì gba ohun kan sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń darí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín: bí ẹnì kan bá pa àwòrán ara rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ wo òkè fóònù yín.