Ṣíbí Ni, Kì í Ṣe Ewé

Aṣọ adìrẹ mẹ́tàdínlógún ni ìyá mi fi sílẹ̀ nínú àpótí pákó. Mẹ́rin péré ni mo mọ orúkọ wọn. Nígbà tí wọ́n wà láyé, mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń kó o jáde sá sí afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ na ìṣẹ́po aṣọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò béèrè. Mo rò pé àyè ṣì wà. Ìgbà tí kò sí ẹni tí mo lè bi mọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ìwé ìròyìn kékeré kan tó ń jáde lóṣooṣù n'Íbàdàn ló fún mi ní ojú ewé kan, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà fóònù mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú adìrẹ mẹ́rin tí mo mọ orúkọ wọn, Ìbàdàndùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dá mi lójú jù. Mo kọ ọ́ pé òpó gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, ni àwọn aláró yà sára aṣọ náà, pé ewé sì ni wọ́n fi pààlà láàárín òpó kan sí èkejì. Ọjọ́ kẹrin ni fóònù mi dún. Ìyá àgbàlagbà kan ni. Wọn ò jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé ewé ni?"

Mo lọ bá wọn nílé ní Òkè-Àdó. Wọ́n tẹ́ aṣọ tiwọn sórí ẹní. Ó ti ṣá níbi itan, àmọ́ etí rẹ̀ ṣì dúdú minimini. Wọ́n fi ìka ìfábẹ̀lá tọ ọ̀nà láti ara òpó dé ohun tí mo pè ní ewé: ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ róbótó. "Ṣíbí nìyí. Ṣé ewé lẹ fi ń bu ọbẹ̀ nílé yín ni?" Wọ́n wá fi ìyẹ́ adìẹ hàn mí bí wọ́n ṣe ń ya á. Ọwọ́ òsì tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, ọ̀tún ń fa ìyẹ́ lọ láìgbọ̀n. Ibi tí ẹ̀kọ láfún bá bò, aró kò ní ráyè wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni yóò yọ funfun lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ wọn kò gbàgbé.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo kọ ọ́ gbangba pé mo ṣì í wí, mo sì fi kún un pé aṣọ mẹ́tàlá ṣì wà nílé tí n kò mọ orúkọ wọn. Èèyàn mọ́kànlá ló pè mí. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìṣẹ́yìn pè. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta adìrẹ ní Ìtókú, l'Ábẹ́òkúta, pè. Obìnrin kan pè láti London. Àbúrò rẹ̀ ló fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí mo ní mo mọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn. Nígbà tí mo ní n kò mọ̀, àwọn èèyàn fa àga wá.

Tíṣà yẹn ló rán mi létí pé kì í ṣe òní ni ohun tí ìwé ìròyìn kò sọ ti ń pe òǹkàwé jọ. Èkó ti ní ìwé ìròyìn Yorùbá bíi mélòó kan láàárín ọdún 1920 sí 1930: *Èkó Àkéte* wà, *Elétí Ọfẹ* wà. Ní 1929, Isaac B. Thomas, olóòtú *Akéde Èkó*, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde. Obìnrin náà ti jayé lọ́pọ̀lọpọ̀ kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀, ó wá ń fi ìtàn ara rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Àmọ́ àdúgbò Èkó wà nínú lẹ́tà náà, orin tí wọ́n ń kọ láyé èwe obìnrin náà wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an nìkan ni kò sí. Àwọn òǹkàwé gbé kálámù. Wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń bá a jiyàn, wọ́n ń wádìí ẹni tí í ṣe. Nígbà tó fi di 1930, ó ti di odindi ìwé. Ìtàn náà dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, orúkọ tí wọ́n fi pamọ́ yẹn ló kó Èkó jọ. Ó fún olúkúlùkù ní ohun tí yóò wá kún un.

Fún bí ọdún kan, èmi ni gbogbo wọn ń pè. Kò tíì di ẹgbẹ́ nígbà yẹn. Ọjọ́ tó di ẹgbẹ́, mi ò sí níbẹ̀ rárá: ọmọ Ìtókú ló gba nọ́ńbà Tíṣà lọ́wọ́ mi, ó lọ bá wọn n'Íṣẹ́yìn, wọ́n sì jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú lórí aró òyìnbó. Ọmọ náà ní oníbàárà kò lè dúró de ìkòkò ẹ̀lú. Tíṣà ní aró tí wọ́n bá fi ipá mú kì í bá aṣọ dalẹ́. Ìjà àtijọ́ ni wọ́n ń jà. Ní 1936, Aláké Ladapọ Ademọla Kejì ka aró òyìnbó àti kọ́ọ́sítíìkì sódà léèwọ̀ l'Ábẹ́òkúta, torí ẹ̀sùn pé wọ́n ń ba aṣọ jẹ́. Àwọn aláró, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, kò gbà. Wọ́n gba lọ́yà. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn fà á láìsí èmi láàárín, inú mi dùn ju ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ orúkọ mi jáde lọ.

Sátidé kìíní oṣù la máa ń pàdé báyìí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Òkè-Àdó. Olúkúlùkù a gbé aṣọ kan wá. Nínú mẹ́tàlá tó ṣókùnkùn sí mi, a ti mọ mẹ́jọ. Ìyá mọ márùn-ún lójú ẹsẹ̀, wọn ò tilẹ̀ tíì jókòó.

Ọ̀kan ń yọ wá lẹ́nu gan-an: ìlà wẹ́wẹ́ tó yí ohun kan po bí ìkarahun ìgbín, tí ẹyẹ méjì sì kọjú síra wọn lókè rẹ̀. Ìyá ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Tíṣà dá orúkọ kan, ọmọ Ìtókú dá òmíràn, obìnrin London fi fọ́tò èyí tó jọ ọ́ ránṣẹ́ láti inú àpótí ìyá tirẹ̀, kò sì mọ orúkọ rẹ̀ bákan náà. Olóòtú fẹ́ kí n mú ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì kí ojú ewé lè pé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ méjèèjì, kó tẹ àwòrán aṣọ náà gàdàgbà, kó sì fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo lábẹ́ rẹ̀.