Ẹ Jẹ́ Kí Àlejò Ta Ayò Tirẹ̀

Bí a bá gba àlejò, a máa ń fún un ní omi, a máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, a sì máa ń béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí onílé lè gbà lọ́wọ́ àlejò láìmọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní pè é ní olè nítorí rẹ̀. Àwa fúnra wa ti jẹ̀bi ọ̀ràn yìí, ìdí sì nìyí tí a fi mú kálàmù.

Ọmọ wa kan tí ń gbé ní Jámánì ni ó mú ayò kan bọ̀ wálé fún wa. Qwixx ni orúkọ rẹ̀. Steffen Benndorf ni ó ṣe é, ọdún 2012 ni ó sì jáde. Ní ọdún 2013 ó wà lára àwọn mẹ́ta tí a yàn láti dù fún oyè ayò ọdún ní ilẹ̀ náà. Páálí kékeré ni. Dáìsì mẹ́fà, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, àti ìwé tí a ó máa sàmì sí, ni ó wà nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, a pe alàgbà kan nínú ìjọ wa, àti ẹ̀gbọ́n ìyá wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Láti ìgbà tí ọkọ Ìyá Àgbà ti kú, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Inú wa dùn gidigidi pé ó gbà láti wá.

Bí a ti da dáìsì sórí tábìlì, alàgbà fa ojú ro. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́ ni ẹ fẹ́ kọ́ wa yìí?” Ìbéèrè rere ni. A dáhùn pé, “Rárá o, Bàbá. Kò sí owó níbẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, nínú tẹ́tẹ́, bí dáìsì bá ti balẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Nínú ayò yìí, ìgbà tí ó bá balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń ta á ni yóò yan ohun tí yóò fi í ṣe.” Alàgbà mi orí, ó sì fa àga mọ́ra.

Báyìí ni a ṣe ń ta á. Ìlà mẹ́rin ni ó wà lára ìwé olúkúlùkù. Ìlà pupa àti ti àwọ̀ ìyeyè ń lọ láti 2 dé 12. Ti àwọ̀ ewé àti ti àwọ̀ aró ń lọ láti 12 dé 2. Dáìsì méjì jẹ́ funfun, mẹ́rin yòókù sì ní àwọ̀ ìlà mẹ́rin náà. Ẹni tí ó kàn yóò ju gbogbo rẹ̀. A ó ro funfun méjèèjì pọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sì lè fa igi sí iye náà nínú ìlà kan. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó jù ú nìkan lè ro funfun kan mọ́ aláwọ̀ kan, kí ó sì fa igi sí iye náà nínú ìlà àwọ̀ náà. Bí kò bá fa igi kankan, máàkì 5 ni yóò pàdánù. Òfin tí ó le jù ni pé láti òsì sí ọ̀tún ni a ń lọ: nọ́ńbà tí a bá ti fò kọjá, a kò lè padà sí i mọ́. Ẹni tí ó bá sì ti fa igi 5 nínú ìlà kan lè fa ti ìkẹyìn, kí ó sì ti ìlà náà pa mọ́ gbogbo ènìyàn. Igi kan ń mú máàkì 1 wá, méjì 3, mẹ́ta 6, mẹ́rin 10, márùn-ún 15, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ga sí i. Bí ìlà méjì bá ti tì, tàbí bí ẹnìkan bá pàdánù máàkì 5 nígbà mẹ́rin, ayò tán.

Gbogbo èyí ni a rọ́ sí àwọn àlejò wa létí lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣìṣe wa kìíní nìyẹn. Èkejì burú jù ú lọ. Kí Ìyá Àgbà tó gbé pẹ́ńsùlù, ọwọ́ wa ti wà lórí ìwé rẹ̀: “Rárá, Ìyá, ẹ má fa ìyẹn; ti aró ni kí ẹ fà.” “Ẹ dúró ná, Ìyá, ẹ ó fo nọ́ńbà púpọ̀ jù.” Ìmọ̀ràn wa tọ̀nà. Nígbà tí ó ṣe, ó rọra fi pẹ́ńsùlù lélẹ̀, ó ní, “Ẹ bá mi ta á, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n. Èmi yóò máa wò yín.” Kò bínú, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Nígbà tí a ro máàkì pọ̀, ìwé rẹ̀ ni ó gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ó ti dìde.

Ní òru ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tí a sọ fún alàgbà padà wá bá wa. A ti wí pé yíyàn ni ó ya ayò yìí sọ́tọ̀ kúrò lára tẹ́tẹ́. Nígbà tí a ti gba yíyàn lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, kí ni ó kù fún un? Opó tí ẹbí ti ń bá yan ohun gbogbo láti ọjọ́ ìsìnkú, àní títí dé ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lọ́wọ́, òun ni a tún pè wá kí a lè bá a yan nọ́ńbà!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí a kò ka òfin bí ẹni ń ka kátíkísìmù. A ju dáìsì nígbà mẹ́ta láìka máàkì, a ń ṣàlàyé òfin kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kàn án. Lẹ́yìn náà a pa ẹnu mọ́.

Kò rọrùn. Nígbà tí Ìyá Àgbà fò láti 3 lọ sí 8 nínú ìlà pupa, díẹ̀ ni ó kù kí a gé ahọ́n wa jẹ. Nítorí nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, ọ̀nà 6 ni ó ń mú 7 wá, kò sì sí nọ́ńbà tí ó tó o. Kò pẹ́ tí 7 fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá léraléra. Ìyá wo ìwé rẹ̀ títí, ó ní, “Àṣé mo ti sáré kọjá ilé rẹ̀!” ó sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ó rọra ń rìn nínú ìlà aró, òun ni ó sì tì í pa. Alàgbà fi máàkì díẹ̀ borí rẹ̀. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni ó wí pé, “Ẹ fún mi ní ìwé mìíràn.”

Aago mẹ́wàá kọjá kí a tó sìn ín délé. Ní ojú ọ̀nà ó sọ fún wa pé òun yóò gba kọ́kọ́rọ́ ilé òun padà. Kò béèrè ìmọ̀ràn wa, àwa náà kò sì fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, bí ẹ bá ń kọ́ àlejò ní ayò, ẹ sọ òfin níwọ̀nba, ẹ dáhùn nígbà tí ó bá béèrè, kí ẹ sì fi àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Tirẹ̀ ni.