Táyà Orí Ọkọ̀ Láti Èjìgbò Dé Abidjan

Treichville, Abidjan

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le. Ẹsẹ̀ mi tó wú nínú ọkọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, àwọn ará wa tí mo wọ̀ sí lọ́dọ̀ sì ń ṣe mí bí ọba. Ní àdúgbò yìí, tí ẹ bá pe "ẹ káàárọ̀" lójú pópó, ẹni mẹ́ta á dá yín lóhùn, méjì nínú wọn á sì ní Èjìgbò ni bàbá àwọn ti wá.

Ẹ ní kí n la ojú mi sílẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀, kí n wo bí àwọn ọlọ́kọ̀ ọ̀nà yìí ṣe ń gbé sípéà táyà sórí kárià, nítorí bọ́ọ̀sì yín tó máa kó àwọn ará ilé wá sí ìgbéyàwó. Mo wò ó dáadáa. Táyà lè wà lórí ọkọ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di ara ẹrù. Ààyè tirẹ̀ lọ́tọ̀, okùn tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ mọ̀ pé bọ́dà mẹ́rin lèèyàn máa kọjá kó tó dé ibí: Sèmè, Hilla-Condji, Aflao àti Elubo. Láti Èkó nìkan, ọ̀nà náà lé ní 1,000 kìlómítà. Orílẹ̀-èdè márààrún tó gbà kọjá ti tọwọ́ bọ̀wé ní 2014 pé àwọn á sọ ọ́ di òpópónà ńlá kan náà, àmọ́ kòtò tí mo rí lọ́nà kò tíì gbọ́ nípa ìwé yẹn. Ní bọ́dà, tí aṣọ́bodè bá ní ká já ẹrù, ọmọ ọkọ̀ á gun òkè, á tú okùn, á sọ àpò gààrí àti elùbọ́ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ti wò ó tán, awakọ̀ á ti máa fọn fèrè, gbogbo èrò á ti máa pariwo, wọ́n á sì da ẹrù padà sókè wùyẹ̀wùyẹ̀. Tó bá jẹ́ okùn ẹrù yẹn náà ló di táyà mú, a jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tú ẹrù ni wọ́n tú táyà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ìkánjú so ẹrù ni wọ́n fi ìkánjú so táyà. Òru sì máa ń bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n tilẹ̀ so ó le, àpò gààrí kì í dúró bí wọ́n ṣe gbé e. Kòtò á gbọ̀n ọ́n, á rìn wọ inú ara rẹ̀, okùn tó le ní Aflao á ti dẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Takoradi. Ọkọ̀ kan wà níwájú wa lọ́nà Elubo tó gbé táyà lé téńté orí ẹrù. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti bọ́ sí kòtò, táyà á fò sókè díẹ̀, á tún jókòó. Awakọ̀ wa wò ó títí, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ lọ tọ̀. Kò fẹ́ wà lẹ́yìn nǹkan yẹn.

Mi ò dá a lẹ́bi. Táyà irú bọ́ọ̀sì yín, tòun ti rímù onírin rẹ̀, tó nǹkan bí 20 sí 25 kílò. Bí ọkọ̀ bá ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, tí okùn já, eré yẹn náà ni táyà máa bá lọ. Mo ṣírò rẹ̀ sórí ìwé: agbára tó máa fi kọlu ohun tó bá pàdé kò dín sí ti táyà tí wọ́n jù sílẹ̀ láti òkè ilé alájà mẹ́jọ. Kì í sì í dúró síbi tó bá bọ́ sí. Ó ń ta, ó ń yí, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lódìkejì ni yóò bá a.

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni àwọn tó ṣe bọ́ọ̀sì fi táyà yìí sí, ibẹ̀ náà ló sì dára jù. Bí ohun tó wúwo bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó ni ọkọ̀ ṣe ń dúró ṣinṣin ní kọ́nà. Mo bi awakọ̀ wa léèrè ìdí tí tirẹ̀ fi wà lókè. Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ta ló fẹ́ dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó kún fún ẹrù, nínú ẹrẹ̀, lóru?" Òótọ́ ló sọ. Ọkọ̀ tó ru ẹrù tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ tún jò máa ń wó sílẹ̀ débi tí apá ò fi ní lè wọ abẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn iyọ̀ etí òkun tún ń jẹ wáyà àti ṣéènì tó gbé táyà kọ́ síbẹ̀, wọ́n á dípẹtà mọ́ra, ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa tó mọ̀. Nítorí náà, mo gbà pé kí tiyín lọ sókè.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ kárià fúnra rẹ̀ wò. Okùn tó dára jù láyé kò wúlò bí kárià bá tú kúrò lórí ọkọ̀ pẹ̀lú táyà lọ́wọ́. Ti bọ́ọ̀sì yín, etí gọ́tà òjò orí ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi di mú. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì gun òkè, kó fún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀, kó sì fi òòlù kan ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o, kó gbọ́ bóyá ó ti sán. Ẹ tún wo ìwé tó bá ọkọ̀ wá: ìwọ̀n tí òrùlé lè gbé wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré àti jíìpù, àárín 50 sí 100 kílò ni, wọ́n sì ka ìwúwo kárià mọ́ ọn. Bí táyà bá gba 25 nínú rẹ̀, ohun tó kù fún ẹrù kò pọ̀. Kí àpò elùbọ́ ìyá wa wọ inú ọkọ̀ o, kó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ èrò.

Mo lọ sí Adjamé lọ wo àwọn gbaka, àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi ń kó èrò káàkiri ìlú. Ariwo gáréèjì yẹn ju ti Ọjà-Ọba lọ. Ọmọkùnrin kan ń so táyà sórí ọ̀kan tó fẹ́ lọ sí oko, mo sì dúró tì í. Ó gbé táyà dùbúlẹ̀ gbalaja láàárín kárià, sórí ọ̀pá méjì tó nípọn jù, kò sí ẹrù kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó ti gé rọ́bà túùbù àtijọ́ pẹlẹbẹ, ó tẹ́ ẹ sí ibi tí irin á ti máa fi ara gbo irin. Ó wá mú bẹ́líìtì tó ní irin ìfúnkọ́ tí wọ́n ń yí kí bẹ́líìtì lè le, irú èyí tí àwọn onítírélà ń lò, ó gba inú ihò rímù kọjá, ó fà á wọ abẹ́ ọ̀pá kárià, ó mú un bọ̀ láti òdìkejì. Ó fi èkejì dábùú rẹ̀. Ọ̀kan ń dá a dúró kó má ṣe lọ síwájú nígbà bíréèkì, èkejì kò jẹ́ kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fún wọn títí irin ìfúnkọ́ kò fi lè yí mọ́, ó sì di ìrù wọn mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa máa nà wọ́n. Ó fi ṣéènì àti àgádágodo kún un nítorí olè. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì di táyà mú, ó mì ín tagbáratagbára. Bọ́ọ̀sì ló mì, táyà ò mì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó lọ jẹ attiéké àti ẹja tirẹ̀.

Mo rí òdìkejì rẹ̀ náà, ó pọ̀ jọjọ: rọ́bà túùbù tí wọ́n gé bí okùn, tí wọ́n fà, tí wọ́n so. Rọ́bà dára fún adìyẹ inú apẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá lè nà á tún nà sí i nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Okùn ọ̀rá tí wọ́n ń tà lọ́jà náà kò sàn jù ú lọ púpọ̀. Kókó rẹ̀ máa ń yọ̀, oòrùn sì máa ń jẹ ẹ́ títí á fi máa ṣẹ́ bí igi gbígbẹ.

Oòrùn ń ba táyà fúnra rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ wá tapólì bò ó. Tí ẹ bá sì ń gbé táyà òfìfo tí kò ní rímù wá fún títà, ẹ má ṣe jẹ́ kí omi òjò dúró sínú rẹ̀. Ẹ̀fọn Aedes aegypti fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀ láti yé ẹyin sí, òun ló ń gbé ibà dengue tó jà ní Abidjan ní 2017, òun náà ló ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹ máa gba Grand-Bassam kọjá kí ẹ tó wọ ìlú yìí. Olú-ìlú tí àwọn Faransé fi ń ṣàkóso ilẹ̀ yìí nígbà kan rí ni, kí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó pa wọ́n rẹpẹtẹ níbẹ̀ ní 1899, tí wọ́n fi kó ìjọba lọ sí Bingerville.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà náà. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Mo ti rí táyà tí kò tíì tẹ ilẹ̀ rí tó ti gbó sórí kárià. Kí atẹ́gùn rẹ̀ kún bí ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ru ẹrù, ó rọrùn láti tú díẹ̀ dànù ju kí ẹ máa wá fọkanáísà káàkiri lóru. Kí jáàkì àti sípánà wà nínú ọkọ̀, lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, kì í ṣe lókè lábẹ́ àpò. Bí ẹ bá rìn tó nǹkan bí 30 kìlómítà kúrò nílé, ẹ dúró, ẹ fún bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ tún fọwọ́ kàn án ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan. Tó bá sì di pé ẹ fẹ́ lò ó, kí ẹni méjì gbé e sílẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nílẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ tó bá ní òun fẹ́ jù ú sílẹ̀, ẹ kọ̀ fún un.

Ẹ ra bẹ́líìtì náà ní Ìbàdàn kí ẹ tó gbéra. Ti ibí wọ́n, ẹrù "France au revoir" sì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹlòmíì ti lò gbó. Bí ẹ bá kọjá Noé, ní òdìkejì bọ́dà Elubo, àwọn ọlọ́pàá á béèrè táyà yìí lọ́wọ́ yín pẹ̀lú ohun ìpaná. Ẹ kàn nawọ́ sí i lókè, ẹ má ṣe tú u.

Ẹ bá mi kí ìyá wa. Ẹ sọ fún wọn pé aṣọ ẹbí ti délé, pé gèlè ló kù, mo ń lọ sí ọjà Treichville ní ọ̀la láti wá èyí tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu.

Èmi ni àbúrò yín.