Ojú Kì í Ti Ẹ̀rọ

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ fún oyè Másítà sáré wọ ọ́fíìsì mi, kọ̀ǹpútà lápá. "Ẹ wò ó, mà, ó ti ń ṣiṣẹ́!" Ètò kan tó ń ṣa praimu ló kọ, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí kò ṣe é pín geerege bí kò ṣe fún oókan àti fún ara wọn. Mo ń wò ó bọ̀ wálẹ̀: 331, 337, 341, 347. Mo ní kó fi 11 pín 341. Ẹ̀yìn ìwé ìdánwò àtijọ́ kan ló ti fi bírò ṣe é: 31, kò ṣẹ́kù. Ojú tì í. Ojú kò ti ẹ̀rọ.

Òfin Fermat tí ètò náà fi ń dá praimu mọ̀ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ 2 lọ́nà 340, tí a sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ra, tí a wá fi 341 pín in, 1 ló ń ṣẹ́kù, bó ṣe máa ń rí fún praimu gidi. Mo-gbọ́-mo-yà ni 341, ó kàn lọ ra aṣọ ẹbí ni.

Irú rẹ̀ ti ṣe èmi náà rí. Nígbà tí mò ń kàwé fún oyè dókítà, mo fi nọ́ńbà kan tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, èsì rẹ̀ sì jáde pẹ̀lú àmì àyọkúrò! Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá àṣìṣe nínú ìṣirò mi, láìmọ̀ pé àyè tí ẹ̀rọ fi ń gba nọ́ńbà ló ti kún. Agbọ̀n tó bá kún a máa dà sílẹ̀, èèyàn á rí i. Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kọ́kọ́ fọwọ́ ṣe ìṣirò kí wọ́n tó ṣí PARI/GP, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń pè é ní ìyà. Bí ẹnì kan bá sì ní, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dé mílíọ̀nù kan, mà," ọ̀rọ̀ George Pólya ni mo máa ń sọ fún un, onímọ̀ ìṣirò tó dá àbá kan lọ́dún 1919 nípa iye praimu tó ń wà nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń yẹ àbá náà wò láti 2 kò ní rí àbùkù kankan títí yóò fi dé 906,150,257.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ 341 padà wá. "Mẹ́ta péré ni mo-gbọ́-mo-yà kí a tó dé 1,000, mà: 341, 561 àti 645." Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì mi.