Ojú Àlejò: Olùkọ́ Afínnúfíndọ̀ Kan ní Ilẹ̀ Gambia

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kì í ṣe pé àwọn àgbà fẹ́ fi àlejò ṣẹ̀sín ni wọ́n ṣe pa òwe yìí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú lè rí ilé, kí ó rí ọjà, kí ó rí ènìyàn, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí ó rí. Bí òwe náà bá kan ẹnikẹ́ni, ó kan olùyọ̀ǹda-ara-ẹni, ìyẹn ẹni tí ó fínnú fíndọ̀ fi ilé sílẹ̀ láti lọ ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn ní ilẹ̀ òkèèrè fún ọdún kan tàbí méjì. Arìnrìn-àjò lásán lè wòran kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé ní àdúgbò, ó ń ra ata ní ọjà, ó sì ń dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì. Àìríran rẹ̀ lè pa ẹlòmíràn lára.

Ilẹ̀ Yorùbá ti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1961 ni Ààrẹ Kennedy dá ẹgbẹ́ Peace Corps sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọ̀dọ́ kan láti inú ẹgbẹ́ náà ti wà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn kọ káàdì kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ bí ìgbé-ayé ìgboro ti yà á lẹ́nu tó, àti bí àwọn ènìyàn ti ń se oúnjẹ, tí wọ́n sì ń ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ní ìta gbangba. Káàdì náà bọ́ sọnù kí ó tó kúrò ní Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan he é, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó sì kárí ọgbà. Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì fárígá. Ọdún kan péré ni Nàìjíríà fi gba òmìnira nígbà náà, ọgbẹ́ ìwọ̀sí àwọn amúnisìn kò sì tíì jiná. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò lónìí, a ó rí i pé kì í ṣe pé ó purọ́. Lóòótọ́ ni wọ́n ń dáná ní ìta ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n iná tí ó rí kọ́ ni gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Kò rí i pé obìnrin tí ó ń din àkàrà lẹ́bàá títì ní kùtùkùtù ń fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Kò sì rò ó pé àwọn tí òun ń ròyìn wọn lè ka ìròyìn náà. Ohun méjì yìí ni ojú àlejò kì í sábàá rí: ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí, àti pé onílé náà ní ojú tí ó fi ń wo àlejò.

Ní ọdún 1987, ó kan Nàìjíríà láti rán àwọn ọmọ tirẹ̀ jáde. Ọdún náà ni ìjọba dá ètò Technical Aid Corps sílẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè. Láti ìgbà náà ni àwọn olùkọ́, dókítà, nọ́ọ̀sì àti onímọ̀-ẹ̀rọ ti ń lọ fún ọdún méjì-méjì sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, erékùṣù Caribbean àti ti òkun Pacific. Nàìjíríà ni ó ń san owó ìtọ́jú wọn. Orílẹ̀-èdè tí ó gbà wọ́n ni ó ń pèsè ibùgbé. Báyìí ni ọmọ onílé àná ṣe di àlejò.

Ọ̀kan lára irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ni obìnrin olùkọ́ ìṣirò kan láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni tí ó dé Serekunda ní ilẹ̀ Gambia ní ọdún 2012. Serekunda ni ìlú tí ó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè kékeré náà, èyí tí ó tẹ́ tínínrín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì odò Gambia. Lójú olùkọ́ yìí, iṣẹ́ náà kò ṣòro. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ilé. Ìdánwò WAEC tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń ṣe náà ni àwọn ọmọ Gambia ń ṣe. Kí ni ó tún kù?

Ìkíni ni ó kù. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó kí onílé rẹ̀, àgbà obìnrin kan, ó sì fẹ́ kọjá lọ sí ilé-ìwé. Àgbà náà kò jẹ́ kí ó lọ. Ní èdè Wolof, ó bi í bí ó ti wà, ó bi í nípa àwọn ará ilé rẹ̀: "Ana waa kër ga?" Ọmọdé kan ni ó kọ́ ọ ní èsì: "Ñu ngi fa", ìyẹn ni pé "wọ́n wà níbẹ̀". Lójoojúmọ́ ni àgbà náà ń béèrè àwọn ará ilé tí kò rí rí, tí olùkọ́ sì ń dáhùn pé wọ́n wà níbẹ̀. Yorùbá tí ó ní ìkíni fún iṣẹ́, fún òòrùn àti fún ìjókòó kò yẹ kí ó ka èyí sí àṣejù. Láìpẹ́, olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní ìdajì wákàtí ṣáájú, kí ó lè ráyè kí gbogbo agboolé.

Oúnjẹ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìrẹsì benachin, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ "ìkòkò kan", ni wọ́n sábàá ń bù sínú abọ́ ńlá kan ṣoṣo, tí gbogbo ilé yóò sì yí i ká. Iwájú ẹni ni ẹni ti ń jẹ. Bí ẹja bá wà láàrin abọ́, ìyá ilé ni ó ń já a, tí ó sì ń jù ú sí iwájú àlejò. Lẹ́yìn oúnjẹ, tíì attaya kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sè é lórí èédú: ti àkọ́kọ́ korò, ìkejì rọjú, ìkẹta dùn. Ẹni tí ó bá ń kánjú kò lè mu tíì yìí, àkókò ìmutíì náà ni wọ́n sì máa ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ohun tí ó wà lára pátákó, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn a dákẹ́. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ ní kí wọ́n ka oókan dé ogún fún òun ní èdè Wolof. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ka á. Ó gbọ́ pé juróom ni àrún, juróom-benn sì ni ẹẹ́fà, ìyẹn àrún àti oókan. Ẹẹ́rìndínlógún wọn ni fukk ak juróom-benn: ẹẹ́wàá, àrún àti oókan. Òun náà sọ fún wọn pé ní èdè tòun, ogún ni a ti ń yọ ẹẹ́rin kúrò kí a tó dé ibẹ̀. Wọ́n pariwo, wọ́n ní ta ni ó máa ń yọ nǹkan kúrò kí ó tó kà á? Olùkọ́ kọ ọ́ sí pátákó: 20 − 4 = 10 + 5 + 1. Ó bi wọ́n bóyá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìdọ́gba nínú ìṣirò ti yé ọ̀pọ̀ wọn, nítorí wọ́n ti rí i pé ọ̀nà méjì lè wọ ọjà kan.

Bí ìsinmi bá dé, ó máa ń rin ìrìn-àjò. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Banjul sí Barra, ó sì dé Juffureh, ìletò tí ìwé Alex Haley sọ di olókìkí ní ọdún 1976. Níwájú rẹ̀ lójú omi ni erékùṣù tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú wà, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Kunta Kinteh ní ọdún 2011. Ó gòkè odò lọ sí Wassu, níbi tí àwọn òkúta àtijọ́ ti dúró ní òbìrí-òbìrí. Ṣùgbọ́n Banjul ni ẹnu ti yà á jù. Níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Aku wà, ọmọ-ọmọ àwọn tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lẹ́yìn òfin ọdún 1807. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn jẹ́ Yorùbá. "Ẹ kú" tí wọ́n fi ń kí ara wọn ni ó di orúkọ wọn. Títí di òní, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣì wà nínú oúnjẹ wọn. A gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yìí, a gba òmìnira wọn, ṣùgbọ́n ìkíni wọn kò ṣeé gbà.

Ní ọdún kejì, ìyá olùkọ́ yìí kú nílé. Òwúrọ̀ ni wọ́n pè é lórí fóònù; kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ìyá náà gẹ́gẹ́ bí ìlànà Ìsìláàmù. Kò sí bí ó ti lè bá a. Bí ó ti jókòó sínú yàrá, onílé rẹ̀ wọlé. Àgbà náà kò béèrè àwọn ará ilé lọ́jọ́ náà. Ó tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Àwọn aládùúgbò dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó, wọ́n gbàdúrà. Àwọn obìnrin se ìrẹsì, wọ́n sì pín in fún àwọn ọmọdé. Sarax ni wọ́n ń pè é, sàárà ni Yorùbá ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ náà wá, wọ́n dúró lẹ́bàá ògiri. Ìyá tí wọn kò rí rí ni gbogbo wọn ṣe sàárà fún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí wọn kò mọ̀: fún odidi ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ láràárọ̀.

Orúkọ ètò tí ó gbé olùkọ́ yìí dé Gambia sọ pé ìrànwọ́ ni Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́. Òótọ́ ni, nítorí pé ó kọ́ni, àwọn ọmọ sì mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ta ni ó ran ta ni lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹní náà? Àwọn ènìyàn kì í tẹ́ irú ẹní bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó kàn wá ṣiṣẹ́. Ìkíni àràárọ̀ ni ó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, bí kò tilẹ̀ ní kúrò ní Nàìjíríà láé. Ẹni tí a gbà sí iṣẹ́ ní Badagry láàrin àwọn ọmọ Ègùn, àlejò ni. Ẹni tí ọmọ Fúlàní mẹ́ta bá wà ní kíláàsì rẹ̀ ní Òkè-Ògùn, àlejò ni lọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta náà. Kí ó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni àti bí wọ́n ṣe ń ka oókan dé ẹẹ́wàá kí ó tó pinnu pé wọn kò mọ nǹkan.

Àwọn àgbà tún ní ojú àlejò ni a ti í jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti í san án. Onílé ni wọ́n fi òwe náà bá wí. Ṣùgbọ́n àlejò pẹ̀lú ń jẹ gbèsè. Ní ọdún 2014, olùkọ́ náà padà sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì ń san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀: bí ọmọ tuntun bá dé kíláàsì rẹ̀ láti ibòmíràn, kí ó tó béèrè ìwé tàbí owó ilé-ìwé, ó máa ń bi í pé, "Àwọn ará ilé ńkọ́?"