Ìdènà

Ẹni tó bá ti dé Kétu á ti rí Akaba Ìdènà, ẹnubodè tí àwọn baba wa fi sé ìlú mọ́ ogun Dàhòmì. Ogun náà kó ìlú ní 1886, ó sì di 1894 kí wọ́n tó padà wá tún un tẹ̀dó. Nítòsí ẹnubodè yẹn ni mo dàgbà sí.

Nígbà tí mo ń kàwé gboyè másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Yunifásítì Abomey-Calavi, Faransé ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa. Mo mọ̀ ọ́n ṣírò dáadáa: bí a bá sọ fólítì di ìlọ́po méjì láti gbé agbára kan náà, iná tó ń ṣàn nínú wáyà á dín sí ìdajì, èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà á sì ku ìdá kan nínú mẹ́rin.

Mo wá sílé fún ìsinmi. Ìyá mi nawọ́ sí gílóòbù tó pọ́n bí ẹyìn lókè orí wa.

"Wọ́n ní oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe iná ní Illoulofin báyìí, ní Pobè wa yìí. Kí ló dé tí iná ọ̀dọ̀ wa ṣì ń ṣe bí ẹni tí àárẹ̀ mú, tí ti àwọn ará iwájú sì mọ́lẹ̀ kedere?"

Òótọ́ ló sọ. Láti 2022 ni ibùdó oòrùn yẹn ti ń ṣiṣẹ́, mẹ́gáwáàtì 25. Mo lanu, Faransé ló ń wá. Mo pa á dé. Ó dùn mí wọra: obìnrin tó ta gàrí rán mi níwé ń béèrè ohun tó fowó rẹ̀ rà, n kò sì lè dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ ọjà, a jọ dé ẹnubodè.

"Ìyá, bí igba èèyàn bá fẹ́ gba ibí kọjá lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

"Wọn á máa fún ara wọn mọ́lẹ̀, ooru á mú wọn, wọn á ti rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọjà."

"Bí ó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ru ẹrù ẹni méjì?"

Ó ronú. "Ẹrù náà á pé. Ọ̀nà á sì gbà wọ́n."

Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni iná rí: àwọn èèyàn ni iná tó ń ṣàn, ẹrù orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni fólítì. Wáyà náà ní ìdènà tirẹ̀ bí ẹnubodè yìí, bó bá ṣe gùn tó ni ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ tó, ilé wa ló sì gbẹ̀yìn. Ẹrù wúwo ni wọ́n ń rù bọ̀ láti òkèèrè. Ibi tíráńsífọ́mà ni wọ́n ti ń pín in sí kékeré, nítorí fólítì 220 ni wọ́n ṣe gílóòbù wa fún.

"Ṣé ibi tí wọ́n ti ń pín in ló jìnnà sí wa? Kí wọ́n gbé e súnmọ́ wa nígbà náà."

Mo dúró lójijì. Ibi tó yẹ kí wọ́n gbé tíráńsífọ́mà sí gan-an ni ìwé àṣekágbá mi dá lé. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí i, mo sì tún orí kìíní kọ, lédè Yorùbá, kí n tó wá Faransé rẹ̀.