Ohùn Bàbá Mi

Ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, nílé wa ní Ọjà Ọba, mo gbé Ubuntu sórí kọ̀ǹpútà mi, mo yọ ọ́. Mo gbé Fedora sí i, mo tún yọ ìyẹn nítorí Linux Mint. Lọ́jọ́ tí mo pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, ohùn bàbá mi olóògbé, níbi tí wọ́n ti ń ké Yāsīn, bá a lọ. N kò ní ẹ̀dà míì.

Kí ni mo ń wá ná? Linux kan náà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ọ, dúró tì í. Bí o bá sì fẹ́ pààrọ̀, kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà. Àmáánà ni.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ bàbá mi. Āmīn.